Ta Ló Ń Ṣí Ilẹ̀kùn? Ìtàn Akẹ́kọ̀ọ́ Ilẹ̀ Òkèèrè àti Iṣẹ́ Báǹkì Ìdókòwò



Lọ́dọọdún, bí ìdánwò àṣekágbá bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ìbéèrè kan wà tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń kọ́ ètò ọrọ̀ ajé, ìṣirò owó àti iṣẹ́ ẹ̀rọ láàárín wa: báwo ni èèyàn ṣe ń wọ báǹkì ìdókòwò ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí New York? Ìdáhùn tí wọ́n sì máa ń fún wọn kò ju ẹyọ kan lọ: "Ṣé ẹ ò rí Báyọ̀ Ògúnlẹ́sì ni?"

Òótọ́ ni, a rí i. Adébáyọ̀ Ògúnlẹ́sì, ọmọ Mákùn ní Ṣàgámù, tí wọ́n bí ní 1953, lọ sí King's College ní Èkó. Ó kàwé ní Oxford, ó sì gba oyè òfin àti oyè ìṣàkóso okòwò pa pọ̀ ní Harvard. Ní 2002, ó di olórí ẹ̀ka báǹkì ìdókòwò Credit Suisse First Boston ní gbogbo àgbáyé. Ní 2006, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Global Infrastructure Partners sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ló ra pápákọ̀ òfurufú Gatwick ní 2009, BlackRock náà sì ra ilé-iṣẹ́ yìí ní 2024 ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 12.5 dọ́là.

Inú wa dùn sí i, ó sì tó ohun tí ọmọ Yorùbá lè fi yangàn. Ṣùgbọ́n a ti rí i pé ìtàn ẹnì kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń gbé lé kí wọ́n tó ta ilẹ̀, kí wọ́n tó yáwó, kí wọ́n tó rán ọmọ lọ kọ́ másítà. Bí ọmọ náà bá sì padà wálé láìríṣẹ́, gbogbo àdúgbò á ní kò gbájú mọ́ṣẹ́ ni. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn díẹ̀, ká wo ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn yìí, ká sì wo ìgbà tó ń ṣí i àti ìgbà tó ń tì í.

Irú báǹkì wo là ń sọ?

Báǹkì ìdókòwò kì í ṣe ibi tí à ń lọ fi owó pamọ́ sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti bá ilé-iṣẹ́ tàbí ìjọba wá owó ńlá. Ó lè bá wọn ta ìpín ìdókòwò fún aráàlú, ó lè bá wọn ta bọ́ǹdì, ó sì lè gbà wọ́n nímọ̀ràn bí ilé-iṣẹ́ kan bá fẹ́ ra òmíràn. Owó iṣẹ́ tó ń gbà lórí rẹ̀ ló fi ń jẹun. Ní Amẹ́ríkà, òfin Glass-Steagall ti 1933 ló ya báǹkì ìdókòwò sọ́tọ̀ kúrò lára báǹkì ìfowópamọ́ lẹ́yìn tí ọjà ìpín ìdókòwò dojú dé ní 1929. Ọdún 1999 ni wọ́n tó mú odi náà kúrò.

Ohun tó lè yani lẹ́nu ni pé àlejò ló dá púpọ̀ nínú àwọn báǹkì ìdókòwò àtijọ́ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sílẹ̀. Nathan Rothschild wá láti Frankfurt ní Jámánì, ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1798. Ìdílé Schröder wá láti Hamburg, Hambro sì wá láti Denmark. Kódà ní ayé tó sún mọ́ tiwa, Siegmund Warburg, Júù ọmọ Jámánì tó sá fún Hitler, dá S.G. Warburg sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1946. Báǹkì rẹ̀ ló ṣètò bọ́ǹdì $15 mílíọ̀nù fún Autostrade, ilé-iṣẹ́ òpópónà Ítálì, ní 1963. Bọ́ǹdì yẹn ló bẹ̀rẹ̀ ọjà tí wọ́n ń pè ní Eurobond, òun náà ló sì sọ Lọ́ńdọ̀nù di ibi tí gbogbo ayé ti ń wá yá dọ́là.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè ní, "Ẹ ò rí i, àlejò ni gbogbo wọn." Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ owó, orúkọ ìdílé àti oníbàárà ni púpọ̀ nínú wọn gbé lọ́wọ́ wá. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í gbé irú rẹ̀ wá. Ọpọlọ àti ìwé ẹ̀rí nìkan ló ní, ó sì gbọ́dọ̀ wá ẹni tí yóò gba òun síṣẹ́ àti ìjọba tí yóò jẹ́ kí òun dúró. Àwọn méjèèjì yìí, agbanisíṣẹ́ àti ìjọba, kì í sábà ṣí ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìgbà tí ìwé wà, tí ilẹ̀kùn tì

Ní 1925, Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, WASU, sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀kan nínú ìṣòro ńlá wọn ni ilé gbígbé, nítorí àwọn onílé kì í fẹ́ gba aláwọ̀ dúdú sílé. Ìdí nìyẹn tí WASU fi ṣí ilé akẹ́kọ̀ọ́ tiwọn ní Camden ní 1933.

Ohun tí a kì í sábà rántí ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí kò ní ìṣòro físà. Ọmọ abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ ìlú náà kí wọ́n sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Òfin 1948 tún fi ìdí èyí múlẹ̀ fún àwọn tó wà ní àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Ọdún 1962 ni ilé aṣòfin tó bẹ̀rẹ̀ sí dí ọ̀nà mọ́ àwọn ará Commonwealth.

Kí ló wá dé tí a kò gbọ́ ìtàn wọn nínú báǹkì ńlá Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà? Ìdí ni pé agbanisíṣẹ́ lè wo àwọ̀ ara èèyàn kó ní òun kò gbà á, òfin kò sì ní bi í léèrè. Òfin ìlòdì sí ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti 1965 kò kan ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ti 1968 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti fi àwọ̀ ara lé èèyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tàbí nínú ilé. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ilé-ìwé tí èèyàn lọ àti ẹni tí bàbá rẹ̀ mọ̀ ló ń múni wọ báǹkì ní àdúgbò City láyé ìgbà náà.

Nítorí náà, iṣẹ́ tí wọ́n lè gbé wálé ni ọ̀pọ̀ wọn kọ́: òfin àti ìṣègùn. Àwọn tí ọkàn wọn fà sí báǹkì sì dá a sílẹ̀ nílé. National Bank of Nigeria, tí Akínọlá Májà, T. A. Doherty àti H. A. Subair dá sílẹ̀ ní 1933, ni báǹkì àwọn ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ pẹ́. Dókítà oníṣègùn ni Májà fúnra rẹ̀, Edinburgh ló sì ti kẹ́kọ̀ọ́. Báǹkì Àgbọ́nmágbẹ̀, tó di Wema lónìí, tẹ̀lé e ní 1945.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn: nígbà náà ìwé wà lọ́wọ́, ilẹ̀kùn ló tì. Lónìí ọ̀rọ̀ ti yí sí òdìkejì. Báǹkì lè fẹ́ ọ, kí ìwé má sì sí.

Ọdún 1986, ní Lọ́ńdọ̀nù àti nílé

Ní 27 oṣù kẹwàá 1986, nígbà ìjọba Margaret Thatcher, òfin ọjà ìpín ìdókòwò Lọ́ńdọ̀nù yí padà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. "Big Bang" ni wọ́n pè é. Kó tó di ìgbà náà, iye owó iṣẹ́ tí alágbàtà ń gbà kò ṣeé dù, ilé-iṣẹ́ àjèjì kò sì lè ra ilé-iṣẹ́ alágbàtà tán pátápátá. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, àwọn báǹkì láti Amẹ́ríkà, Switzerland, Jámánì àti Japan ya wọlé. Ní 1995, báǹkì Switzerland kan ra báǹkì Warburg pàápàá, ó sì wà lára UBS lónìí.

Àwọn báǹkì Amẹ́ríkà gbé àṣà tiwọn wá. Wọ́n ń lọ sí yunifásítì láti ṣa akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ń ṣe ìdánwò àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n sì ń gba ọ̀pọ̀ ọmọ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà láti ṣiṣẹ́ "analyst" fún nǹkan bí ọdún méjì. Ìbéèrè nípa ìdílé kò tán, ṣùgbọ́n ó dín kù. Ìṣirò, ìwé ẹ̀rí àti agbára láti jókòó ti iṣẹ́ títí di òru ló gba ipò rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ kan náà bẹ̀rẹ̀ sí ti ilẹ̀kùn fún àwọn tí kò ní ẹni tó mọ̀ wọ́n. SEO, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní New York ní 1963, bẹ̀rẹ̀ sí fi akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú àti àwọn ẹ̀yà kéékèèké sí ìkọ́ṣẹ́ ní Wall Street ní 1980. Ẹ̀ka rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ ní 2000.

Nílé ńkọ́? Ní oṣù kẹsàn-án 1986, oṣù kan ṣáájú Big Bang, ìjọba ológun Babangida ṣí ọjà pàṣípààrọ̀ owó tuntun lábẹ́ ètò SAP. Dọ́là kan, tí kò tó ₦2 tẹ́lẹ̀, fò kọjá ₦4 lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wo bí ó ṣe ṣe kòńgẹ́: ìgbà tí ilẹ̀kùn Lọ́ńdọ̀nù ń ṣí fún àjèjì gan-an ni owó ilé-ìwé òkèèrè kúrò ní àrọ́wọ́tó ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n SAP kan náà ló jẹ́ kí báǹkì tuntun hù ní Èkó bí olú. Atedo Peterside, tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, dá IBTC sílẹ̀ ní 1989. Fọlá Adéọlá àti Táyọ̀ Adérìnókun dá GTBank sílẹ̀ ní 1990. Ẹni tó bá kàwé lókè òkun tó padà dé nígbà náà rí ibi fìdí lé.

Ògúnlẹ́sì ti wọlé ṣáájú gbogbo èyí. Amòfin ni ní ilé-iṣẹ́ Cravath ní New York, lẹ́yìn tó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ adájọ́ Thurgood Marshall ní ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà. Ní 1983, First Boston ní iṣẹ́ kan lọ́wọ́ lórí gáàsì ilẹ̀ Nàìjíríà, wọ́n sì ń wá ẹni tó mọ ìlú náà, wọ́n wá pè é. Kò gba ọ̀nà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà lónìí rárá. Ìmọ̀ òfin, orúkọ tó ti ní, àti mímọ ilé dáadáa ló gbé e wọlé. Apá tó kẹ́yìn yìí ni àwọn tó ń sọ ìtàn rẹ̀ kì í sábà sọ.

Amẹ́ríkà: kèké ni wọ́n ń ṣẹ́

Òfin tó bí H-1B, físà iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́jáde ń wá ní Amẹ́ríkà, jáde ní 1990. Ó fi òté lé e pé kí iye tuntun má ju 65,000 lọ lọ́dún. Nígbà tí ọjà kọ̀ǹpútà gbóná, wọ́n gbé e sí 115,000, wọ́n sì tún gbé e sí 195,000 fún ọdún ìṣúná 2001 sí 2003. Ní 2004 ó padà sí 65,000, wọ́n sì wá fi 20,000 kún un fún àwọn tó gba másítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Amẹ́ríkà. Bí àwọn tó ń béèrè bá ti pọ̀ ju iye yìí lọ, kèké ni wọ́n ń ṣẹ́. Máàkì rẹ kò wọ inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ báǹkì tó fẹ́ ọ kò ràn ọ́ lọ́wọ́.

Ibi tí iye oṣù ti ṣe pàtàkì nìyí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá jáde ní Amẹ́ríkà ní oṣù 12 láti fi ṣiṣẹ́ lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. OPT ni wọ́n ń pè é. Láàárín oṣù 12, bóyá ẹ̀ẹ̀kan, tàbí ẹ̀ẹ̀mejì bí ó bá tètè bẹ̀rẹ̀, ni orúkọ rẹ̀ lè wọ inú kèké. Ní 2008, ìjọba fi oṣù 17 kún un fún àwọn tó kọ́ sáyẹ́ǹsì, ìṣirò àti iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ní 2016 ó di oṣù 24, àròpọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ọdún mẹ́ta.

Kí ni èyí kan báǹkì? Ó kàn án gan-an. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ sí Wall Street ló kọ́ ètò ọrọ̀ ajé, ètò ọrọ̀ ajé lásán kò sì sí lára sáyẹ́ǹsì lójú ìjọba. Ọ̀pọ̀ yunifásítì wá yí kóòdù ẹ̀kọ́ wọn padà sí ti ètò ọrọ̀ ajé oníṣirò, èyí tó wà lórí àtòkọ náà. Olùkọ́ kan náà, ìwé kan náà, kíláàsì kan náà, ṣùgbọ́n kóòdù tó wà lórí fọ́ọ̀mù I-20 ló ń sọ bóyá ọdún kan tàbí ọdún mẹ́ta ni ọmọ ní láti fi wá ibi dúró. Ẹni tí kò béèrè kóòdù yìí kó tó sanwó ti fi ọdún méjì ṣòfò.

Lẹ́yìn náà ni ìjì 2008 dé. Lehman Brothers wó lulẹ̀ ní 15 oṣù kẹsàn-án. Nígbà tí ìjọba fi owó aráàlú gba àwọn báǹkì là, ilé aṣòfin fi òfin kan kún un ní oṣù kejì 2009 pé báǹkì tó bá gba owó náà gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ti wá ọmọ Amẹ́ríkà kí òun tó gba ẹni H-1B tuntun. Òfin náà wà fún ọdún méjì. Àwọn báǹkì kan gba ìwé iṣẹ́ tí wọ́n ti fún akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì padà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó jáde ní 2006 àti ẹni tó jáde ní 2009 lè jẹ́ ọgbọọgba nínú ìmọ̀, kí wọ́n ti inú kíláàsì kan náà jáde, kí ọ̀kan sì wà ní Wall Street kí èkejì sì wà nílé. Kì í ṣe orí kíkú ló fa ìyẹn.

Lọ́wọ́lọ́wọ́ yìí, ọ̀nà náà tún le sí i. Ní oṣù keje 2025, Amẹ́ríkà kéde pé físà akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tí òun ń fún ọmọ Nàìjíríà kò ní ju oṣù mẹ́ta lọ, ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò sì wà fún. Lábẹ́ òfin yẹn, ẹni tó bá wálé fún ọlidé ní láti tún lọ tò fún òmíràn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, Ààrẹ Trump kéde $100,000 lórí ìbéèrè H-1B tuntun fún àwọn tó wà lẹ́yìn òde Amẹ́ríkà.

Lọ́ńdọ̀nù: ilẹ̀kùn tó ń ṣí tó ń tì

Ní Ìlú Ọba, ó tún yàtọ̀. Ní 2008, wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́jáde àjèjì lo ọdún méjì láti wáṣẹ́ láìní onígbọ̀wọ́. Ní oṣù kẹrin 2012, nígbà tí Theresa May jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, wọ́n ti ọ̀nà yẹn pa. Fún ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, ẹni tó bá parí másítà ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin láti rí ilé-iṣẹ́ tí yóò gbọ̀wọ́ fún un, tàbí kó di ẹrù rẹ̀. Ní 1 oṣù keje 2021, wọ́n tún un ṣí, wọ́n pè é ní Graduate Route: ọdún méjì, mẹ́ta fún ẹni tó gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ní 2025, ìjọba tún kéde pé òun fẹ́ dín ọdún méjì yẹn kù sí oṣù 18.

Láàárín ìgbà yẹn, láti oṣù kìíní 2024, àwọn tó ń kọ́ másítà lásán kò lè mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ lọ́wọ́ mọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, owó ọdún tí ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ san kó tó lè gbọ̀wọ́ fún òṣìṣẹ́ fò láti £26,200 sí £38,700. Ní oṣù keje 2025 ó di £41,700, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn báǹkì ìdókòwò ńlá ń san ju £50,000 lọ fún ọmọ tuntun, wọ́n sì ní ìwé àṣẹ ìgbọ̀wọ́. Nítorí náà, òfin yìí kò dí wọn lọ́wọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké tí akẹ́kọ̀ọ́ ì bá ti kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ńlá ló dí lọ́wọ́.

Ó tún kù. Ní 2022, Ìlú Ọba dá físà kan sílẹ̀ fún àwọn tó jáde ní yunifásítì tó dára jù lọ lágbàáyé, tí wọn kò nílò onígbọ̀wọ́ rárá. Nígbà tí àtòkọ náà jáde, kò sí yunifásítì Áfíríkà kankan lórí rẹ̀. Ìbàdàn kò sí níbẹ̀, Ifẹ̀ kò sí, Èkó kò sí.

Aago méjì tí kò bára mu

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń gbé ọ̀pọ̀ nínú wa ṣánlẹ̀. Físà ní aago tirẹ̀, báǹkì náà ní tirẹ̀.

Aago báǹkì yá púpọ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọdún àkọ́kọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wá ọ̀sẹ̀ ìmọ̀ báǹkì tí wọ́n ń pè ní "spring week". Nígbà tó bá ku ọdún kan kó parí, yóò ṣe ìkọ́ṣẹ́ ọlidé gígùn, bí áítì tiwa, ṣùgbọ́n fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Inú àwọn tó ṣe ìkọ́ṣẹ́ yìí ni báǹkì ti ń mú ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tuntun rẹ̀. Ní New York, àwọn báǹkì ńlá ti sún ìwáṣẹ́ síwájú débi pé akẹ́kọ̀ọ́ ń béèrè fún ìkọ́ṣẹ́ náà ní ohun tó ju ọdún kan lọ ṣáájú.

Ọ̀pọ̀ wa sì ń lọ fún másítà ọdún kan. Ọmọ náà balẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Kó tó mọ ọkọ̀ tó ń lọ sí kíláàsì, àwọn báǹkì kan ti ń pa fọ́ọ̀mù wọn dé. Bó bá tilẹ̀ rí ìkọ́ṣẹ́ ọlidé gígùn, òfin físà tún wà níwájú. Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé-ìwé wà nínú sáà. Fún ẹni tó ń kọ́ másítà, oṣù tó fi ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀ kì í ṣe ọlidé lójú òfin, sáà ni. Ìyẹn ni pé oṣù tí báǹkì ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ìkọ́ṣẹ́ ni òfin sọ pé kó má ṣiṣẹ́ kíkún. Ní Amẹ́ríkà bákan náà, ìkọ́ṣẹ́ tó jẹ́ ara ẹ̀kọ́ sábà máa ń béèrè pé kí akẹ́kọ̀ọ́ ti lo ọdún ẹ̀kọ́ kan gbáko. Ètò ọlọ́dún méjì gba irú rẹ̀ láyè, ti ọdún kan kì í sábà gbà á.

Owó náà kò dúró. Ní oṣù kẹfà 2023, ìjọba wa tú náírà sílẹ̀. Dọ́là tó wà ní nǹkan bíi ₦460 ti kọjá ₦1,400 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024. Owó ilé-ìwé $20,000 tó jẹ́ ₦9.2 mílíọ̀nù tẹ́lẹ̀ di ₦28 mílíọ̀nù láàárín oṣù mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án, nígbà tí ọmọ ṣì wà ní kíláàsì.

Àwọn tó bá sì wọlé, iṣẹ́ náà kò rọrùn. Ní oṣù kẹjọ 2013, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Jámánì kan, ẹni ọdún 21, kú ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ ní báǹkì ńlá kan fẹ́ parí. Wárápá ni ìwádìí sọ pé ó pa á. Wọ́n ní àárẹ̀ lè máa fa irú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí pé òun ló fà á lọ́tẹ̀ yìí. Ní 2015, Goldman Sachs sọ fún àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n má wà ní ọ́fíìsì láti òru dájú títí di aago méje àárọ̀. Ìyẹn ṣì fi wákàtí 17 sílẹ̀ fún iṣẹ́ lóòjọ́. Ọmọ onílé tí ó bá sú lè ní òun kò ṣe mọ́, kó padà sílé àwọn òbí rẹ̀. Ẹni tí físà rẹ̀ so mọ́ iṣẹ́ sábà máa ń ní ọjọ́ 60 péré, ní Ìlú Ọba àti ní Amẹ́ríkà, láti rí onígbọ̀wọ́ mìíràn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í tètè sọ pé ó rẹ òun.

Kí la rí kọ́?

A kò kọ èyí láti dá ẹnikẹ́ni dúró. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ọ̀pọ̀ ọmọ wa sì ń wọlé lọ́dọọdún. Ohun tí à ń sọ ni pé kí ẹni tó fẹ́ lọ mọ aago méjèèjì kó tó sanwó. Kó béèrè kóòdù ẹ̀kọ́ náà. Kó béèrè bóyá ètò náà gba ìkọ́ṣẹ́ láàyè. Kó béèrè ọjọ́ tí báǹkì ń pa fọ́ọ̀mù dé, kó sì kọ ọ́ láti ilé kó tó wọ ọkọ̀ òfurufú. Ìkọ́ṣẹ́ tí kì í ṣe ti ọlidé gígùn wà, ọ̀pọ̀ ẹni tó parí másítà ló sì ń gba ibẹ̀ wọlé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba físà akẹ́kọ̀ọ́jáde. Kó má sì fojú kéré ìmọ̀ tó ní nípa ilé, nítorí òun ni First Boston wá dé ọ̀dọ̀ Ògúnlẹ́sì ní 1983.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ bá ka èyí lẹ́nu ọmọ yín, ẹ má jẹ́ kí ilé tí ẹ ń gbé jẹ́ ohun tí ẹ ó fi dúró fún ìbò tí ẹ kò mọ ẹni tó ń dì í.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ lọ tí ẹ sì padà, a kò gbàgbé yín. Ẹni tó jáde ní 2009 ní Amẹ́ríkà, ẹni tó jáde ní 2013 ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn òfin tí ẹ bá pàdé kò wà nígbà tí àwọn tó ṣáájú yín lọ, wọn kò sì sí mọ́ nígbà tí àwọn tó tẹ̀lé yín dé. Kí ẹnikẹ́ni má pè yín ní ẹni tó kùnà. Lára yín ló wà ní báǹkì Èkó lónìí tí ẹ ń ta bọ́ǹdì fún ìjọba àti ilé-iṣẹ́ wa, iṣẹ́ kan náà tí ẹ ì bá máa ṣe níbẹ̀. Ẹ bá wa kọ ìrírí yín: ọdún tí ẹ lọ, físà tí ẹ lò, ìgbà tí ilẹ̀kùn ṣí àti ìgbà tó tì. Àwọn àbúrò yín tó wà ní ọdún kejì báyìí ni yóò fi ṣe ìṣirò tiwọn.